Ìpele Tí Ọkọ̀ Septimus Wà

4

…bí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì bá sì yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì á ti mí tán, ilé písítìnnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ti ọkọ mi kò ní písítìnnì. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń pòòyì nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá bá yí lẹ́ẹ̀mejì, tirẹ̀ á ti mí lẹ́ẹ̀mẹrin, irin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nìyẹn.

Apá kìíní dé ìkẹta ohun tí mò ń kọ yìí, mo ti ya wọ́n. Ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ jù níbẹ̀.


5

Èmi ni Fọláṣadé. Ará Iléṣà ni mí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ Septimus, mo bá a lábẹ́ ọkọ̀, mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Septimus ṣe ipò kìíní nínú eré ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó jókòó kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ẹyọ kan.

Mi ò sunkún.


5, àtúnkọ

Mo sunkún. Ẹ máa kà á lọ.


6

Àárọ̀ ọjọ́ eré. Wọ́n ti dí ojú ọ̀nà láti Oníkàn dé Marina. Eré àwa tí a níṣẹ́ mìíràn ni, kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Tí a bá ṣe tán, àwọn kan á lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan á lọ sùn.

Ubaydullah pàdé ọkọ mi níbi tí wọ́n ti ń gbéra. Léèsì ló ń tà ní Balógun. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Campos.

UBAYDULLAH: Sẹ́pì! O tún gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ dé?

SEPTIMUS: Máa lọ ta léèsì.

UBAYDULLAH: Kí o má kàn dí mi lọ́nà lóríta lónìí. Ata ni mò ń gbọ́ tó ń lọ̀ yẹn.

SEPTIMUS: Bí mo bá ti kọjá rẹ, o ò ní gbọ́ ọ mọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ.


7

ẸGBẸ́ ELÉRÉ ỌKỌ̀ ERÉKÙṢÙ
Èsì eré Oníkàn sí Marina

ÌPELE KÉKERÉ (ẹ́ńjìnnì tí kò ju 1600 cc lọ)

1. Septimus. Ọkọ̀ oníyìípo. 1308 cc, gẹ́gẹ́ bí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe sọ.
2. Ubaydullah. Hóńdà. 1590 cc.

ÀKÍYÈSÍ: Ẹ̀sùn wà lórí ipò kìíní. Èsì yìí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.


8

Ẹ̀sùn náà:

"Èmi Ubaydullah fẹ̀sùn kan ọkọ̀ tó ṣe ipò kìíní lórí ohun méjì. Ọ̀kan: ìwé ló ń pè é ní 1308, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ṣe bí 1308. Kí ẹgbẹ́ kà á ní ìlọ́po méjì. Èkejì: mo rò pé wọ́n ti gbẹ́ ihò tí ẹ́ńjìnnì náà fi ń mí kó lè tóbi sí i. Kí wọ́n ṣí i, kí a wò ó."

Ó kọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ṣì gbóná. Septimus dúró níwájú rẹ̀, ó ń mu omi inú ọ̀rá.


9

ÒFIN 11. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn nítorí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣí i lójú olùfisùn. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá kọ̀, a ó kà á sí pé ó yí ẹ́ńjìnnì padà. A ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. A ó kéde ìdí rẹ̀.


10

Òkú kò lè gbà. Òkú kò lè kọ̀.


11

Ohun tí Septimus sọ nígbà tí a ń jẹun lọ́jọ́ náà:

"Kí wọ́n fi mí sí Ìpele Ńlá tó bá wù wọ́n. Màá kẹ́yìn, màá wálé wá jẹun. Ìyẹn ò dùn mí. 'Wọ́n ti gbẹ́ ihò.' Ubay ló sọ bẹ́ẹ̀. Ubay! Ìyẹn ló dùn mí."

Mo ní kó gbàgbé ẹ̀. Ó ní òun ti gbàgbé ẹ̀.

Kò jẹ ẹran rẹ̀.


12

Ilé ẹbí wọn ní Campos là ń gbé. Baba baba wọn ló kọ́ ọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Brazil dé. Henrietta, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló wà lókè. Èmi wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Philip, akọ̀wé ẹgbẹ́, wá kí wa. Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Mi ò sọ fún wọn.

PHILIP: Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Ẹni rere ló lọ, ìràwọ̀ tó ń tàn ni…

ÈMI: Ẹ ṣé. Kí lẹ bá wá?

HENRIETTA: Ìyàwó! Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò ní Iléṣà nìyẹn?

PHILIP: Kò burú, Mà. Ẹ̀sùn yẹn ni. Ubaydullah ti kọ ọ́ wá kí wọ́n tó kú, ó ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó ṣí ẹ́ńjìnnì. Ta ló wá ni ọkọ̀ báyìí?

ÈMI: Èmi ni…

HENRIETTA: Ẹbí ni.

(Philip ń ṣí ìwé.)

HENRIETTA: Mi ò bá ọ jà, Ìyàwó. Bó bá bímọ, ọmọ ló ni ín. Kò bí. Ó di ti ọmọ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ.

PHILIP: Madam náà ló bá wọn to ẹ́ńjìnnì yẹn, Mà.

HENRIETTA: Ṣé mo ní kò bá a tò ó ni? Ta ló wẹ̀ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́?

Philip wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ohun tí Àǹtí Henrietta sọ kì í ṣe irọ́.


13

WhatsApp, Àǹtí Henrietta:

Ìyàwó mo ti rí ẹni tó gbẹ́ òkúta sàréè. Ó ti gbẹ́ ẹ tán. SEPTIMUS. ỌMỌ RERE. AKỌNI LÓJÚ Ọ̀NÀ. OLÚBORÍ ÌPELE KÉKERÉ. Mo ní kó fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún. Ó rẹwà gan-an. Mo máa fọwọ́ sí ìwé Philip kí wọ́n ṣí ọkọ̀ kí wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ rẹ̀ fún wa

Èmi:

Àǹtí mi, wọn ò tíì ní òun ló borí.

Àǹtí Henrietta:

Àwa mọ̀


14

Akọni lójú ọ̀nà.

Septimus tó máa ń dúró kí adìyẹ kọjá.


15

Ẹ jẹ́ n sọ èyí bí ẹni pé ẹlòmíràn ni.

Obìnrin kan di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọkọ rẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì dé. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan irin onígun mẹ́ta. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ń fi fásẹ́lìnì lẹ̀ wọ́n mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n má bàa jábọ́. Ìka kan ló ń lò. Obìnrin náà ní kí òun ṣe ọ̀kan.

"Ọwọ́ rẹ le jù."

"Ọwọ́ tó le yìí ló ń gún iyán fún ọ."

"Iyán kì í ṣẹ́."

Ó tì wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé irin ẹ̀gbẹ́ lé e. Ó fún bóòtù tó kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni gbá ẹ̀yìn ọmọ.

"Ó ti dé."

Láti ìgbà náà ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Ó ti sáré, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti mọ ojú ibi tí wọ́n ń gbà. Bí a bá tú wọn, a lè tún un tò. Ẹ́ńjìnnì á dún. Ẹlòmíràn ló máa pa á dé.

Kò sí nǹkan mìíràn nínú ilé yìí tí ọwọ́ rẹ̀ tì, tó ṣì wà ní títì.


16

BÍ A BÁ ṢÍ I
orúkọ rẹ̀ lè mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

BÍ A KÒ BÁ ṢÍ I
ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Oníkàn pé olè ni.

Àǹtí mi lè fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé wà.


17

Ohùn Ubaydullah lórí fóònù:

"Ìyàwó wa, Ubay ni o. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má bínú sí ariwo. Rárá, aláwọ̀ píǹkì ti tán, Mà, ẹ wo èyí ná… Ìyàwó wa, mo fẹ́ yọ ẹ̀sùn yẹn. Mo ti bá Philip sọ̀rọ̀. Ó ní bí ẹ̀yin bá gbà, ó parí. Kí wọ́n gbé ife fún Sẹ́pì. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo gbọ́ ọ. Mo tún un gbọ́.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ní títì. Orúkọ lókè. Kí n kàn kọ "Mo gbà".

Mo kọ ọ́. Mo pa á rẹ́.

ÈMI: Bùrọ̀dá Ubay, ṣé ó gbẹ́ ihò àbí kò gbẹ́ ẹ?

(Ó ti kà á. Àmì búlúù méjì.)

(Ó ń kọ nǹkan.)

(Kò kọ ọ́ mọ́.)

UBAYDULLAH: Mi ò mọ̀.

ÈMI: Ẹ má yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ báyìí, ẹ ṣì ń rò ó. Ẹ kàn ń ṣàánú òkú ni.


18

Ìgbìmọ̀ jókòó ní Oníkàn kí wọ́n tó ṣí i. Ọ̀rọ̀ ìpele ni. Philip ló kọ èyí sílẹ̀, mo ṣe àtúnṣe síbi tó ti ń fi "ọlọ́lá" pe gbogbo ènìyàn.

ALÁGA: Ìwé sọ 1308. Ìwé la fi ń pín ọkọ̀ láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

UBAYDULLAH: Alága, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ní aláwọ̀ ewé ni ọkọ̀ tèmi. Ẹ yọjú wò ó níta.

(Ẹ̀rín. Funfun ni ọkọ̀ rẹ̀.)

PHILIP: Ẹ jẹ́ ká kà á ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Á di 1962. Ìpele Àárín.

UBAYDULLAH: Níbo ni ààbọ̀ ti wá? Ṣé ó ń mí tó bá dé ìdajì, á wá sinmi?

PHILIP: Kí gbogbo ènìyàn lè gbà ni.

ALÁGA: Madam, ẹ̀yin lẹ mọ ẹ́ńjìnnì yìí. Báwo lẹ ṣe rí i sí?

ÈMI: Ọ̀pá yí lẹ́ẹ̀mejì, tiyín mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọ̀pá kan náà ka tiwa, 1308 lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ 2616.

ALÁGA: Ìpele Ńlá nìyẹn! Ẹ̀ ń bá ọkọ yín jà ni?

ÈMI: Ẹ bi mí, mo dáhùn.

PHILIP: Ṣùgbọ́n Mà, agbára rẹ̀ ò tó ti àwọn 2600 tó kù. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, kò lè borí ẹnikẹ́ni láé. Ìyẹn náà ò dáa.

ÈMI: Kò dáa.

ALÁGA: Bí a bá kà á ní ẹ̀ẹ̀kan ńkọ́?

ÈMI: Kò dáa fún Bùrọ̀dá Ubay.

ALÁGA: Èwo ló wá dáa?

(Wọ́n pín mínírà àti búrẹ́dì.)


19

Ọkọ̀ kan náà. Àárọ̀ kan náà. Ọ̀nà kan náà.

Kà á ní ẹ̀ẹ̀kan: ìkínní, Ìpele Kékeré.

Kà á ní ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀: ìkẹrin, Ìpele Àárín.

Kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì: ìkẹyìn, Ìpele Ńlá.


20

Bí mo bá pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé dé, wọn ò lè fọ́ ọ. Mo jókòó ti ọkọ̀ náà. Mo wí fún un pé kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Mo gbọ́ ohùn Septimus. "Ubay ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo rántí ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn.


21

Ọjọ́ tí a ṣí i. Àwa mẹ́rin. Mo ní èmi ni n ó tú u, ẹnikẹ́ni ò bá mi jiyàn. Fóònù wà lórí àga, ó ń gba ohùn.

PHILIP: Ẹ fọwọ́ síbí, Mà.

HENRIETTA: Gbogbo orúkọ mi?

PHILIP: Èyí tí wọ́n mọ̀ yín sí.

UBAYDULLAH: Ẹ jẹ́ n bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú, Ìyàwó wa.

ÈMI: Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ sí mi lójú.

(Ìró sípánà. Ó pẹ́.)

HENRIETTA: Kí ló dé tó dúró?

UBAYDULLAH: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Àǹtí.

(Ìró sípánà.)

ÈMI: Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wúwo.

(Nǹkan jábọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ìró rẹ̀ kéré.)

PHILIP: Kí nìyẹn?

ÈMI: Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.

PHILIP: Ó dáa. Mo ti mú páànù tí wọ́n gé ní ìwọ̀n ihò ilé iṣẹ́ wá. Ihò kìíní… ó bá a mu. Èkejì… ó bá a mu. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Bùrọ̀dá Ubay, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

(Ubaydullah sún mọ́ ọn.)

HENRIETTA: Kí lẹ rí?

UBAYDULLAH: Kò gbẹ́ ẹ.

HENRIETTA: Ẹ̀n?

UBAYDULLAH: Sẹ́pì ò gbẹ́ nǹkan kan. Bó ṣe wà nígbà tó ti ilé iṣẹ́ wá ló wà.

HENRIETTA: Ọmọ ìyá mi! Mo ti sọ! Philip, ife dà?

PHILIP: Mà, ó ku ti ìpele.


22

Àǹtí mi gòkè. Philip lọ. Ubaydullah kò lọ. Ó ṣì di tọ́ọ̀ṣì mú, ojúmọ́ sì ni. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ihò tí wọ́n ti wọ̀n tán.

Mo rò pé ohun tó ń wò ni ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi eré, omi ọ̀rá lẹ́nu. Mi ò sí nínú rẹ̀. Mo kàn rò bẹ́ẹ̀.

UBAYDULLAH: Mo ṣẹ̀ ẹ́.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.

UBAYDULLAH: Ẹ ò ní sọ pé kò tó nǹkan?

ÈMI: Ó tó nǹkan.

(Ó pa tọ́ọ̀ṣì.)

UBAYDULLAH: Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpele yẹn, Ìyàwó wa, mi ò lè purọ́ fún yín. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe 1300.

ÈMI: Mo mọ̀.

UBAYDULLAH: Òun náà mọ̀?

ÈMI: Ìwé ló tẹ̀ lé. Ẹgbẹ́ ní ìwé ni kí a tẹ̀ lé.

UBAYDULLAH: Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ wí.

Ó tẹ̀ ba, ó bá mi wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó jábọ́. Abẹ́ tábìlì ló wà. Ó ti kán sí méjì.


23

ÌKÉDE

Ìgbìmọ̀ ti yẹ ẹ́ńjìnnì olóògbé Septimus wò. Ihò rẹ̀ kò yí padà. Apá kejì ẹ̀sùn ti ṣubú.

Apá kìíní, lórí ìpele, ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀. A lè fẹ́ tún ilé inú ẹ́ńjìnnì náà wọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má tò ó padà títí a ó fi ṣe ìpinnu.

Ife wà lọ́wọ́ akọ̀wé.


24

Àǹtí mi pè mí láti òkè. Ó lè sọ̀ kalẹ̀. Fóònù ló lò.

HENRIETTA: Wọ́n ti ri òkúta mọ́lẹ̀.

ÈMI: Pẹ̀lú Ìpele Kékeré?

HENRIETTA: Ta ló máa gbé ìwé òfin lọ síbi òkú lọ kà?

ÈMI: Èmi máa ń lọ síbẹ̀.

HENRIETTA: Kí ni kí n kọ, Fọláṣadé? Kò bímọ. Kò kọ́lé. Kí n kọ pé ó wá, ó lọ?

ÈMI: Ẹ kọ orúkọ rẹ̀.

HENRIETTA: Orúkọ nìkan kéré.

ÈMI: Ó tó mi.

HENRIETTA: Ìwọ lò ń bá a sùn lábẹ́ ọkọ̀. Èmi, orúkọ kéré fún mi.

Ó ń sunkún. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ìgbà àkọ́kọ́ tó pe orúkọ mi nìyẹn. Mi ò pa fóònù. A jọ wà lórí rẹ̀ títí kírẹ́díìtì fi tán.


25

ÌKÉDE. Ìjókòó lórí ìpele ti sún síwájú. Alága rìnrìn àjò.


26

ÌKÉDE. Ìjókòó lórí ìpele ti sún síwájú. Àwọn tó wá kò pé.


27

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba Marina wọ Campos. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà lórí tábìlì, ní ìpín ìpín. Mo da aṣọ bò ó.

ÈMI: Philip, irin yìí ò lè wà báyìí.

PHILIP: Mà, bí ẹ bá tò ó, wọ́n á ní ẹ ti fi nǹkan pamọ́. Gbogbo ohun tí a ṣe yẹn á bàjẹ́. Orúkọ wọn tó ti mọ́ yẹn…

ÈMI: Bí mi ò bá tò ó, kí ni wọ́n máa wá wọ̀n?

PHILIP: Mo gbọ́ yín, Mà. Lóòótọ́ mo gbọ́ yín. Ẹ má tíì tò ó.


28

Ubaydullah ra irin tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn wá. Tuntun ni, nínú ọ̀rá. Mo ní kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó kù. Ó ń dán, àwọn tó kù ò dán.

Ó bi mí bóyá òun lè wá bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí wọ́n bá ní ká tò ó.

Mo ní wọn ò tíì ní ká tò ó.


29

Lónìí mo ká aṣọ kúrò. Mo rí ìpẹtà pupa díẹ̀ lójú irin ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò tó ojú èékánná.

Mo fi ọ́ìlì nù ún. Ó lọ.

Mo ti mọ ibi tó wà.